Ìràwọ̀ Dúdú Ọba Toffa

Ní oṣù Kejìlá ọdún 1889, Ọba Toffa ti Àjàṣẹ́, ìlú tí àwọn Faransé ń pè ní Porto-Novo, dá àmì ẹ̀yẹ kan sílẹ̀: Ìràwọ̀ Dúdú. Àgbélébùú funfun eléti búlúù ni, ìràwọ̀ dúdú wà láàárín rẹ̀, rìbọ́ọ̀nù aláwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n sì fi ń gbé e kọ́ àyà.

Kí ni ọba ilẹ̀ Adúláwọ̀ fẹ́ fi àmì ẹ̀yẹ bíi ti Òyìnbó ṣe? Ọ̀rọ̀ ìṣèlú ni. Ìjọba Dàhòmì tó wà ní Abọ́mẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ Toffa, òun náà sì ti sá sábẹ́ ààbò Faransé. Ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rẹ́ alágbára dúró ti òun gbọ́dọ̀ wá ohun tí yóò fi yẹ́ ẹ sí.

Faransé fọwọ́ sí àmì ẹ̀yẹ náà ní 1894, ọdún náà gan-an tí Béhanzin, ọba Dàhòmì, túúbá. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di tiwọn pátápátá, ó sì ní ìpele márùn-ún, láti ọ̀dọ̀ akọgun dé orí àgbélébùú ńlá. Sójà àti òṣìṣẹ́ ìjọba amúnisìn ló pọ̀ jù nínú àwọn tó gbà á. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹ̀bùn ọba Àjàṣẹ́ di ọ̀ṣọ́ àyà àwọn tó wá gba ilẹ̀ yí i ká.

Ní 1963, Ààrẹ Faransé, de Gaulle, fi oyè mìíràn rọ́pò Ìràwọ̀ Dúdú. Ṣùgbọ́n orílẹ̀-èdè Dàhòmì, tí à ń pè ní Bẹ̀nẹ̀ lónìí, ti gbòmìnira ní 1960, ó sì dá oyè orílẹ̀-èdè tirẹ̀ sílẹ̀. Oyè yẹn ni Bẹ̀nẹ̀ ṣì ń fi dá àwọn ènìyàn lọ́lá lónìí. Ààrẹ orílẹ̀-èdè ni ọ̀gá àgbà rẹ̀, ọmọ Kétu tàbí Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn ìlú Yorùbá tó wà níbẹ̀, sì lè gbà á bí ẹnikẹ́ni.