ỌGBẸ́ KÉKERÉ TÍ Í PA OLÙTỌ́JÚ ALÁÌSÀN

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ àwọn tí ń tọ́jú wa ni mo fẹ́ sọ lónìí. Bí irin bá gé òṣìṣẹ́ kan ní èbúté Kírìkírì, tí a sì gbé e dé ilé ìwòsàn ní Ajégúnlẹ̀, gbogbo wa ni a ó káàánú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí abẹ́rẹ́ tí a fà yọ ní ara rẹ̀ bá gún nọ́ọ̀sì ní ìka ńkọ́?

Ẹ rántí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Jos. Ní oṣù kìíní ọdún 1969, a gbé nọ́ọ̀sì kan, Laura Wine, wá láti Lassa, ó kú. Charlotte Shaw tí ó tọ́jú rẹ̀ kú ní oṣù kejì. Ní ọdún 1970, ọ̀bẹ gé Dókítà Jeanette Troup lọ́wọ́ níbi tí ó gbé ń la òkú aláìsàn kan láti wádìí ikú rẹ̀. Ibà Lassa kan náà ni ó pa á.

Awọ ara ni ògiri wa. Bí kò bá ní egbò, kòkòrò inú ẹ̀jẹ̀ kì í sábà gbà á kọjá. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ a máa dá ihò sí i. Ojú àti ẹnu sì dàbí fèrèsé tí ó ṣí sílẹ̀. Nínú 1000 ènìyàn tí abẹ́rẹ́ tí ó ní ẹ̀jẹ̀ oníkòkòrò HIV gún, tí wọn kò lo oògùn, nǹkan bí 3 ni yóò kó o. Ti àrùn ẹ̀dọ̀ tí à ń pè ní B burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti 6 dé 30 nínú 100 ni, fún ẹni tí kò gba abẹ́rẹ́ àjẹsára.

Kí ni ṣíṣe? Èkíní, kí a fi ọṣẹ àti omi tí ń ṣàn wẹ ojú ọgbẹ́ náà. Kí a má ṣe fún un, kí a má sì fi ẹnu fà á. Bí ó bá jẹ́ ojú ni ẹ̀jẹ̀ ta sí, omi mímọ́ ni kí a fi ṣàn án. Èkejì, kí a sọ fún ọ̀gá lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí a sì yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Oògùn tí ń dènà HIV kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí 72 lọ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí lò ó, ọjọ́ 28 ni a ó sì fi lò ó. Àìtètè mú olè, olè a mú olóko. Ẹ̀kẹta, kí olúkúlùkù gba àjẹsára àrùn ẹ̀dọ̀ B lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí ewu tó dé, kí a má sì dá ìdérí padà sórí abẹ́rẹ́ tí a ti lò. Inú àpótí líle ni kí a jù ú sí.

Ẹ̀yin ọ̀gá ilé ìwòsàn, ẹni tí a bá bá wí nítorí ọgbẹ́, yóò fi èyí tí ń bọ̀ pamọ́, wákàtí 72 yóò sì kọjá lórí rẹ̀. Ẹ gbà á pẹ̀lú sùúrù, kí ẹ sì fún un ní oògùn kí ẹ tó bi í léèrè bí ó ti ṣẹlẹ̀.