Dátà Tí Ẹ Ń Wá Ti Lè Wà Nílẹ̀

Kí n tètè là á yé yín: dátà tí mò ń sọ lónìí kì í ṣe èyí tí ẹ ń rà sórí fóònù. Dátà ìwádìí ni, ìyẹn àwọn èsì, òǹkà àti ohùn tí àwọn olùwádìí kó jọ, tí wọ́n sì gbé síta kí ẹlòmíràn lè lò ó.

Lásìkò próójẹ́ẹ̀tì, akẹ́kọ̀ọ́ á náwó pín fọ́ọ̀mù ìbéèrè fún ọgọ́rùn-ún ènìyàn. Àwọn kan tiẹ̀ ń tilẹ̀kùn mọ́ra wọn, wọ́n ń fọwọ́ ara wọn kọ ìdáhùn. Irọ́ nìyẹn, kò sì pọn dandan.

Ká ní ẹ fẹ́ mọ iye tí àwọn ìdílé ní Nàìjíríà ń ná sórí oúnjẹ. Iléeṣẹ́ ìṣirò ìjọba àpapọ̀, NBS, àti Báńkì Àgbáyé ti ń béèrè rẹ̀ láti 2010. Ìdílé 5,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì tún padà lọ bá wọn lẹ́yìn ìgbà náà. Orúkọ ìwádìí ọ̀hún ni General Household Survey-Panel. Ẹ forúkọ sílẹ̀ lórí World Bank Microdata Library, ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe, ẹ ó sì gbà á lọ́fẹ̀ẹ́.

Báwo lẹ ṣe fẹ́ rí irú rẹ̀? Tí ẹ bá kàn tẹ̀ ẹ́ sínú Google lásán, ìròyìn ló máa kún ibẹ̀. Google Dataset Search ni kí ẹ lò. Àkójọ dátà nìkan ló ń wá. Ṣùgbọ́n ibi tí èmi fẹ́ràn jù ni ìsàlẹ̀ àpilẹ̀kọ ìwádìí fúnra rẹ̀. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ "Data Availability" sí. Ẹ lè rí DOI níbẹ̀, nọ́ńbà kan tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tó máa gbé yín lọ tààrà sí Zenodo tàbí ibi ìpamọ́ mìíràn. Tó bá jẹ́ "available on request" ni wọ́n kọ, ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́ o, ṣùgbọ́n ẹ má gbé iṣẹ́ yín lé e kí fáìlì tó dé.

Nígbà tó bá dé, ẹ kọ́kọ́ ka codebook, ìwé tó ń ṣàlàyé ohun tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan dúró fún. Nínú àwọn ìwádìí kan, 99 lábẹ́ ọjọ́ orí túmọ̀ sí pé ẹni náà kò dáhùn. Ẹni tó bá ṣírò rẹ̀ mọ́ ọn á sọ gbogbo àdúgbò di arúgbó. Kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó kó dátà náà jọ, ọdún àti DOI rẹ̀ sínú iṣẹ́ yín, bí ẹ ṣe máa kọ ti ìwé.