Máàkì, Ipò àti Kírẹ́díìtì: Bí A Ṣe Ń Ka Èsì Ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Girama

Máàkì tó wà níwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan nínú ìwé èsì ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama jẹ́ àròpọ̀ ohun méjì: àyẹ̀wò inú sáà àti ìdánwò ìparí sáà. Àyẹ̀wò inú sáà ni ìdánwò ráńpẹ́, iṣẹ́ àmúrelé àti iṣẹ́ inú kíláàsì. Ní ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀, 30 tàbí 40 nínú 100 ló máa ń kó. Ìdánwò á kó ìyókù. Ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 tó bẹ̀rẹ̀ ní 1982 ló fi ẹsẹ̀ àyẹ̀wò inú sáà múlẹ̀, kí ìdánwò ọjọ́ kan má baà dá ọmọ lẹ́jọ́ gbogbo ọdún. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn òbí tó jẹ́ àgbẹ̀ ní Ìbàràpá, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, gan-an lákòókò ìkórè. Ọmọ tí wọ́n ń mú lọ sóko ní ọjọ́ ìdánwò ráńpẹ́, tí àyẹ̀wò rẹ̀ sì jẹ́ òfo nínú 30, kò lè kọjá 70 mọ́, bó tiẹ̀ gba gbogbo máàkì ìdánwò ìparí.

Olùkọ́ kíláàsì á ro máàkì gbogbo iṣẹ́ pọ̀, á pín in sí iye iṣẹ́ tí ọmọ ṣe. Èyí ni ìpíndọ́gba, òun ni wọ́n sì fi ń to àwọn ọmọ sí ipò kìn-ín-ní, ipò kejì, títí dé ìsàlẹ̀. Ipò ni òbí kọ́kọ́ máa ń béèrè. Ó dára kéèyàn mọ bí ọmọ ṣe ń ṣe sí láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n inú kíláàsì yẹn ni ipò mọ.

Ìdánwò àṣejáde kò ka ipò sí rárá. WAEC, àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1952, kì í tẹ máàkì sínú èsì. Lẹ́tà àti nọ́ńbà ló ń tẹ̀ síwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan. Lẹ́tà yìí kan náà ni NECO, tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1999, ń lò. Bí wọ́n ṣe máa ń ka máàkì sí lẹ́tà nìyí: láti 75 sókè ni A1, 70 sí 74 ni B2, 65 sí 69 ni B3, 60 sí 64 ni C4, 55 sí 59 ni C5, 50 sí 54 ni C6. Gbogbo èyí, láti A1 dé C6, ni kírẹ́díìtì. 45 sí 49 ni D7, 40 sí 44 ni E8. Ọmọ yege, ṣùgbọ́n kì í ṣe kírẹ́díìtì. Ohun tó bá kéré sí 40 ni F9, ìyẹn ni pé ó fìdí rẹmi. Máàkì ẹyọ kan péré ló wà láàárín 49 àti 50, síbẹ̀ ibẹ̀ ni ọ̀nà ti pín.

Ohun tí yunifásítì ń béèrè ni kírẹ́díìtì márùn-ún nínú iṣẹ́ tó bá ẹ̀kọ́ tí ọmọ fẹ́ kọ́ mu. Èdè Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò máa ń wà lára wọn, kò sì gbọ́dọ̀ ju ìjókòó méjì lọ. Kí a fi ìbejì kan ní Igbó-Ọrà, níbi tí ìbejì ti pọ̀, ṣe àpẹẹrẹ. Iṣẹ́ mẹ́jọ ni àwọn méjèèjì ṣe. Táíwò gba 44 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 47 nínú ìṣirò, ó wá gba 70, 68, 66, 64, 62 àti 59 nínú ìyókù: àròpọ̀ 480, ìpíndọ́gba 60. Kẹ́hìndé gba 54 nínú Gẹ̀ẹ́sì, 56 nínú ìṣirò, ó wá gba 60, 59, 58, 57, 56 àti 56: àròpọ̀ 456, ìpíndọ́gba 57. Táíwò ló wà lókè nínú kíláàsì. Ṣùgbọ́n bí máàkì wọn bá rí bẹ́ẹ̀ nínú WAEC, E8 àti D7 ni Táíwò ní nínú Gẹ̀ẹ́sì àti ìṣirò, kírẹ́díìtì mẹ́jọ sì ni Kẹ́hìndé ní. Kẹ́hìndé ni yunifásítì lè gbà. Ìpíndọ́gba tó dára lè bo ihò mọ́lẹ̀, nítorí náà iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ló yẹ kí òbí kà, pàápàá láti SS1, nígbà tí àyè àtúnṣe ṣì wà.

Láyé àwọn bàbá àgbà, ọ̀tọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ka èsì ìdánwò àṣejáde. Wọ́n máa ń ro nọ́ńbà iṣẹ́ mẹ́fà tí ọmọ ti ṣe dáadáa jù pọ̀, èyí tó bá kéré jù ló sì dára jù. Ẹni tó gba 1 nínú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ní 6, kò sì sí ohun tó ga ju ìyẹn lọ.

Kírẹ́díìtì nìkan kò tó wọlé. Máàkì ìdánwò àṣewọlé JAMB, tí ó pé 400, tún wà níbẹ̀. Ní Yunifásítì Ìbàdàn, wọ́n máa ń pín in sí 8, wọ́n á sì fi ìdajì máàkì ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ṣe kún un, kó lè jẹ́ 100.

Ẹni tó bá wọlé á bá GPA, ìyẹn ìpíndọ́gba pọ́ìntì, pàdé. Ní ọ̀pọ̀ yunifásítì Nàìjíríà, A jẹ́ pọ́ìntì 5, láti máàkì 70. B jẹ́ 4, C jẹ́ 3, D jẹ́ 2, E jẹ́ 1, F jẹ́ òfo. Iṣẹ́ kò sì dọ́gba. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní iye yúníìtì tirẹ̀, òun la sì fi ń sọ pọ́ìntì di púpọ̀. Ẹni tó gba A nínú iṣẹ́ oníyúníìtì 3 ní pọ́ìntì 15. B nínú oníyúníìtì 4 jẹ́ 16. C nínú oníyúníìtì 2 jẹ́ 6. Àròpọ̀ 37 yìí, tí a bá pín in sí yúníìtì 9, á jẹ́ 4.11. Láti 4.50 ni ipele àkọ́kọ́ ti bẹ̀rẹ̀. Ní pólítẹ́kíníìkì, bí èyí tó wà ní Èrúwà, 4.00 ni òkè pátápátá, 3.50 níbẹ̀ sì ti wà nínú ipele tó ga jù. Nítorí náà, kò yẹ kí a fi GPA pólítẹ́kíníìkì wé ti yunifásítì láìwo òkè òṣùwọ̀n wọn.

Ní Amẹ́ríkà, láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ni GPA ti ń bẹ̀rẹ̀, 4.0 ló sì sábà máa ń jẹ́ òkè rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan ń fi pọ́ìntì kún un fún iṣẹ́ tó le. Lẹ́tà A máa ń bẹ̀rẹ̀ láti 90 níbẹ̀, 75 tó jẹ́ A1 nílé sì lè jẹ́ C lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó fẹ́ lọ kàwé níbẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ ara rẹ̀ yí èsì padà; iṣẹ́ àwọn àjọ bíi World Education Services nìyẹn. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì ibẹ̀ sì máa ń béèrè àkọsílẹ̀ ọdún mélòó kan, kì í ṣe èsì WAEC nìkan, nítorí náà ó yẹ kí òbí tọ́jú ìwé èsì sáà kọ̀ọ̀kan pamọ́ láti SS1 dé SS3.