Ìdánwò Kẹ́mísírì: Ohun Tí Ojú Ọmọ Rí Ni Kí Ó Kọ

Ọ̀pọ̀ nínú àwa òbí ni ó rò pé ọmọ tí ó bá ti kọ́ ìwé sórí ti múra tán fún ìdánwò kẹ́mísírì tí àjọ WAEC ń ṣe fún àwọn tí ń parí ilé-ẹ̀kọ́ girama. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá kan ń bẹ níbẹ̀ tí ó jẹ́ pé ọwọ́ àti ojú ni yóò dáhùn rẹ̀.

Ọmọ yóò rọ ásíìdì sínú bùréètì, èyíinì ni ọ̀pá dígí tí a fàmì ìwọ̀n sí lára. Yóò máa kán an díẹ̀díẹ̀ sínú ìgò tí omi mìíràn wà, irú èyí tí ó jẹ́ ẹbí omi eérú tí a fi ń se ọṣẹ dúdú. Bí aró methyl orange inú rẹ̀ bá ti kúrò ní àwọ̀ ìyeyè tí ó di àwọ̀ ọsàn, kí ó dúró! Ẹ̀kán kan lè bà á jẹ́. Yóò ka ìwọ̀n náà, yóò sì tún un ṣe títí iye rẹ̀ yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bára dọ́gba.

Olùkọ́ pẹ̀lú yóò ṣe tirẹ̀, èyí tí a ó fi yẹ ti àwọn ọmọ wò. Nítorí náà, iye tí a jí kọ láti ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn lè já sí asán.

Ẹ bi ọmọ yín léèrè lálẹ́ òní pé, “Ìgbà mélòó ni o ti fi ọwọ́ ara rẹ ṣe é?” Bí ó bá dákẹ́, ẹ tọ olùkọ́ rẹ̀ lọ kí ọjọ́ ìdánwò tó pé.