Bí gbèsè bá bo oníṣòwò mọ́lẹ̀, kí ló lè máa ná nínú ilé rẹ̀?

Ẹni tó bá ń ṣòwò ní Tchaada, ní agbègbè Ìfànyìn, mọ̀ pé ọjà tó yá lónìí lè kú lọ́la. Nígbà tí Nàìjíríà ti ẹnubodè rẹ̀ ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i padà ní oṣù kejìlá ọdún 2020. Ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìjọba Nàìjíríà tún yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, epo "kpayo" tí ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń jẹun sì di ọ̀wọ́n lójijì. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ ṣòwò pàdánù. Ẹni tó fi owó olówó ṣòwò pàdánù, ó sì tún jẹ gbèsè.

Ibẹ̀ ni ìbéèrè kan ti máa ń dá ìjà sílẹ̀. Olówó rí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó tó ń ra ẹja lọ́jà, ó ní: "O ní owó ẹja, o ò ní owó mi!" Ẹni tó jẹ gbèsè náà dáhùn pé: "Ṣé kí ebi pa àwọn ọmọ mi ni?" Ta ló jàre nínú àwọn méjèèjì?

Ológò àti ọlọ

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun láàárín wa. Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé láyé àtijọ́ àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn ni láti bá olówó sin gbèsè. Ológò ni wọ́n ń pè wọ́n. Ológò á wọ ilé ẹni tó jẹ gbèsè, á jókòó, á ní òun ò lọ títí owó á fi jáde. Adìẹ tàbí ẹran tó bá rí nínú ọgbà, á mú un pa jẹ, gbogbo ará ilé ni kò sì ní nísinmi. Àwọn mìíràn fi ara wọn tàbí ọmọ wọn ṣe ìwọ̀fà, wọ́n ń sin olówó títí owó á fi pé.

Ẹ̀rù ológò máa ń mú kí ará ilé dá owó jọ kíákíá. Ṣùgbọ́n adìẹ tí ológò jẹ kò sí níbẹ̀ mọ́ láti yé ẹyin tí wọn ì bá tà san gbèsè. Òfin Mósè pàápàá, tó fàyè gba kí olówó gba ohun ìdógò, kọ̀ kí ẹnikẹ́ni gba ọlọ ẹlòmíràn, nítorí ẹni tó bá gba ọlọ ti gba ẹ̀mí onílé. Ẹni tó bá gba ohun tí ènìyàn fi ń jẹun lọ́wọ́ rẹ̀ ti sọ owó ara rẹ̀ nù pẹ̀lú.

Ohun tí òfin òde òní sọ

Orílẹ̀-èdè Benin wà lára orílẹ̀-èdè 17 tó ń lo òfin òwò OHADA. Òfin gbígba gbèsè tí wọ́n ṣe ní 1998, tí wọ́n sì tún ṣe ní 2023, ní ọ̀nà tí olówó gbọ́dọ̀ tọ̀. Kò lè dédé wọlé kó gbé ẹ̀rọ ìlọta ẹni lọ. Ó ní láti ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́, òṣìṣẹ́ òfin tí wọ́n ń pè ní huissier ló sì ń ṣe iṣẹ́ náà. Òfin ti 1998 ní kí huissier kọ́kọ́ fún ẹni náà ní ìwé ìkìlọ̀ ọjọ́ mẹ́jọ kó tó fọwọ́ kan ẹrù rẹ̀. Ó tún gbà pé àwọn ẹrù kan wà tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbà, ó sì ní kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sọ èyí tí wọ́n jẹ́.

Bí òwò ẹnì kan bá wó pátápátá, tí ilé ẹjọ́ sì ń ta ẹrù rẹ̀ láti san gbèsè, òfin OHADA mìíràn fún adájọ́ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ náà láyè láti yọ owó ìrànwọ́ nínú ohun tó kù, fún òun àti ìdílé rẹ̀.

Bákan náà ló rí nílẹ̀ òkèèrè tí àwọn ọmọ wa ń gbé. Ní England, òfin ọdún 1986 dá aṣọ, ibùsùn, ohun èlò ilé àti oúnjẹ tí ìdílé nílò sí, ó sì dá irinṣẹ́ tí onítọ̀hún fi ń ṣiṣẹ́ sí. Bí ilé ẹjọ́ bá ń gé lára owó tó ń wọlé fún un, kò gbọ́dọ̀ gé e débi tí kò ní tó gbọ́ bùkátà ilé tó bọ́gbọ́n mu. Ní Amẹ́ríkà, òfin ọdún 1998 gbà kí ẹni tó wà nínú gbèsè máa fi owó tó tó 15 nínú ọgọ́rùn-ún ohun tó ń wọlé fún un tọrẹ fún ìjọ tàbí ẹgbẹ́ àánú.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò

Ká ní obìnrin kan ń ta epo pupa, èrè rẹ̀ lóṣù jẹ́ 60,000 fráǹkì. Ó jẹ ilé ìyáwó ní 200,000, ó jẹ àjọ ní 120,000, ó sì jẹ ẹni tó ń gbé ọjà fún un láwìn ní 80,000. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 400,000.

Oúnjẹ gba 28,000. Oògùn àti ilé ìwòsàn gba 4,000. Ìwé àwọn ọmọ àti oúnjẹ wọn nílé ẹ̀kọ́ gba 5,000. Omi, iná àti fóònù gba 4,000. Owó zémìjàn lọ sọ́jà gba 4,000. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 45,000. Ó ku 15,000 fún gbèsè. Tí èlé kò bá gorí rẹ̀, á san án tán ní oṣù 27.

Ṣùgbọ́n tó bá ń ra aṣọ ẹbí 10,000 lóṣooṣù, 5,000 péré ló kù. Gbèsè náà á wá gba 80 oṣù, ìyẹn ọdún mẹ́fà àti oṣù mẹ́jọ. Ẹja tó rà lọ́jà kọ́ ló fa ìyàtọ̀ yìí o. Aṣọ ẹbí ni.

Èwo ló dúró, èwo ló lọ?

Oúnjẹ, oògùn, ilé ẹ̀kọ́ àti ibi tí ènìyàn ń sùn dúró. Irinṣẹ́ dúró pẹ̀lú: ọ̀kadà zémìjàn, ẹ̀rọ ìlọta, àgbá epo, fóònù tí oníbàárà fi ń pe oníṣòwò. Oògùn ìyá tàbí bàbá tó ti darúgbó dúró.

Aṣọ ẹbí, ọtí, fóònù tuntun àti àsè ọjọ́ ìbí ní láti dúró de ọjọ́ mìíràn. Ní ti ìnáwó òkú, ìsìnkú pọn dandan, ṣùgbọ́n kíkó ìlù àti pípa màlúù kò pọn dandan. Ẹ sọ fún àwọn ẹbí pé ọwọ́ ò tó o. Ìtìjú ọjọ́ kan sàn ju ọdún mẹ́fà lọ. Ní ti àjọ, ẹni tó ti kó tirẹ̀ gbọ́dọ̀ dá a parí, nítorí gbèsè ni. Kó má ṣe bẹ̀rẹ̀ òmíràn.

Lọ bá wọn kí wọ́n tó wá bá ọ

Kọ ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde sílẹ̀, kí o sì gbé ìwé náà lọ bá olówó kí òun tó wá. Pín owó náà ní ìwọ̀n gbèsè. Nínú àpẹẹrẹ wa, tí kò bá sí ẹni tó ní ohun ìdógò lọ́wọ́, ilé ìyáwó á gba 7,500, àjọ á gba 4,500, ẹni tó ń gbé ọjà á gba 3,000. Kó má jẹ́ pé ẹni tí ohùn rẹ̀ ròkè jù ló ń gba gbogbo rẹ̀.

Má ṣe yáwó níbòmíràn láti fi san èyí. Má ṣe fi ẹrù pa mọ́ sílé ẹ̀gbọ́n. Má sì ṣe sá gba Ìgólò kọjá sí Nàìjíríà lóru, nítorí bí ẹ bá jọ yáwó lẹ́gbẹ́ ni, àwọn obìnrin tó dúró fún ọ ló máa san án, láti inú owó oúnjẹ àwọn ọmọ tiwọn. Àdéhùn àgbáyé tí Benin wà nínú rẹ̀ sọ pé a kò gbọ́dọ̀ torí àìlèsan gbèsè nìkan ju ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n. Ṣùgbọ́n jìbìtì yàtọ̀ sí àìní.

Àwọn àgbà ní bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Olówó tó fi owó oúnjẹ sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ ẹ́ ń ṣọ́ owó ara rẹ̀ ni. Ẹni tó sì jẹ gbèsè, kó rántí pé bí a bá ń sunkún, à máa ń ríran.