Nígbà Tí Eré Ìje Bá Parí: Ibo Ni Ẹṣin Ń Lọ?

Àwọn àgbà wa máa ń sọ pé bó pẹ́ bó yá, ẹni tó gun ẹṣin á sọ̀ kalẹ̀. Ẹni tó gun ẹṣin ni òwe yẹn ń bá wí. Ẹṣin fúnra rẹ̀ ńkọ́? Lọ́jọ́ tí ẹni tó ń gùn ún bá sọ̀ kalẹ̀ tí kò sì ní gùn ún mọ́, ibo ni ẹṣin náà máa gbà lọ?

Ọ̀rọ̀ yìí ṣe pàtàkì gan-an ní Johannesburg, lórílẹ̀-èdè South Africa. Ọmọ ọdún méjì ni ẹṣin eré ìje sábà máa ń wà nígbà tó bá bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó pé ọmọ ọdún méje. Bẹ́ẹ̀, ẹṣin tí wọ́n bá tọ́jú dáadáa lè lo ọdún 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé. Tẹ́ ẹ bá ṣírò rẹ̀, ẹ máa rí i pé ọjọ́ tó ń bọ̀ lẹ́yìn eré ìje pọ̀ fíìfíì ju ọjọ́ tí ẹṣin fi sáré lọ. Ta ló máa bọ́ ọ ní gbogbo ọdún yẹn? Iṣẹ́ wo ló sì máa ṣe?

Ìlú góòlù, ìlú ẹṣin

Ọdún 1886 ni wọ́n rí góòlù tó sọ Johannesburg di ìlú. Nígbà tó fi máa di 1887, wọ́n ti ń sá eré ẹṣin ní Turffontein, ní apá gúúsù ìlú náà. Pápá yẹn ṣì wà dòní olónìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń sá eré tí wọ́n ń pè ní Summer Cup, tí ọ̀nà rẹ̀ gùn tó 2,000 mítà. Ọ̀pọ̀ ẹṣin tó ń sáré níbẹ̀ ló ń gbé ní Randjesfontein, lágbègbè Midrand, níbi tí wọ́n ti ń kó wọn jáde lójoojúmọ́ ní ìdájí kí wọ́n lè sáré gbóná ara.

Thoroughbred ni wọ́n ń pe irú ẹṣin yìí. Akọ ẹṣin mẹ́ta péré tí wọ́n kó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti apá Ìlà Oòrùn ní nǹkan bí 300 ọdún sẹ́yìn ni baba ńlá gbogbo wọn. Gbogbo wọn ní South Africa ló sì ń pín ọjọ́ ìbí kan náà: tó bá ti di August 1, ìwé máa ka ọdún kan kún ọjọ́ orí ẹṣin kọ̀ọ̀kan, ì báà jẹ́ oṣù tó tẹ̀ lé e ni wọ́n bí i.

Owó ló gbé eré ìje ró, owó náà ló sì ń dá a dúró. Wọ́n ti ti pápá Gosforth Park ní Germiston àti Newmarket ní Alberton pa. Lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà dá eré dúró, ilé iṣẹ́ Phumelela tó ń bójú tó Turffontein kó sí wàhálà owó, ilé iṣẹ́ 4Racing ló sì wá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀. Tí apá ẹni tó ni ẹṣin ò bá ká a mọ́, ẹṣin tí kò gba ẹ̀bùn ló máa ń kọ́kọ́ kúrò nílé.

Ibo ni wọ́n ń lọ?

Abo ẹṣin tó wá láti ìran tó dáa lè lọ máa bímọ. Àwọn akọ díẹ̀ tó mókè náà á di baba. Àmọ́ ọ̀pọ̀ akọ ẹṣin ni wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá nígbà tí wọ́n wà ní kékeré, kí ara wọn lè balẹ̀. Àwọn yẹn ò lè bímọ, tí wọn ò bá sì lè sáré mọ́, àfi kí wọ́n kọ́ iṣẹ́ míì.

Ẹni tí kò rí i bójú tó lè ta ẹṣin rẹ̀ ní owó pọ́ọ́kú. Ẹni tó rà á á tún un tà. Lẹ́yìn bíi mélòó kan, ẹṣin tí àwọn èèyàn ń pariwo orúkọ rẹ̀ lọ́jọ́sí lè bá ara rẹ̀ nídìí kẹ̀kẹ́ ẹrù. Kì í ṣe pé ẹṣin tó ń fa ẹrù burú o. Ọ̀pọ̀ ìdílé ní àwọn àdúgbò tó yí Johannesburg ká ló ń fi kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́ṣin kó èédú, pàǹtí irin tàbí yanrìn kí wọ́n lè rówó bọ́ ọmọ. Àmọ́ ẹṣin eré ìje ò bá iṣẹ́ yẹn mu. Awọ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, ó ń jẹun púpọ̀, ariwo mọ́tò sì lè mú kó ya bàrá sójú títì pẹ̀lú ẹrù àti èèyàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi dìde. Ọ̀kan lára wọn ni Highveld Horse Care Unit, tó wà ní gúúsù Johannesburg. Wọ́n ń gba ẹṣin tí wọ́n fìyà jẹ tàbí tí wọ́n pa tì, wọ́n ń tọ́jú rẹ̀, wọ́n sì ń wá ẹni tó lè gbà á sọ́dọ̀. Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ wà nílẹ̀ òkèèrè náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn tó ń bójú tó eré ìje fúnra wọn ló dá ẹgbẹ́ Retraining of Racehorses sílẹ̀ lọ́dún 2000.

Ìsinmi ló ń ṣáájú ẹ̀kọ́

Ẹni tó bá gba ẹṣin láti pápá eré lónìí, tó sì fẹ́ gùn ún lọ́la, ń wá wàhálà ni. Ohun àkọ́kọ́ tí ẹṣin náà nílò ni ìsinmi, ó sì lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan tàbí oṣù mélòó kan.

Ronú nípa bó ṣe ń gbé tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ ló fi ń dá wà nínú yàrá kékeré kan. Wọ́n ń fún un ní ọkà tó ń fúnni lágbára, kó lè sáré. Tí wọ́n bá ṣí i sí pápá koríko lójijì, ó lè sáré débi tó máa fi ṣe ara rẹ̀ léṣe. Torí náà, ọgbà kékeré ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ mú un lọ, pẹ̀lú ẹṣin àgbà kan tí ara rẹ̀ balẹ̀ nítòsí.

Oúnjẹ náà ò ní yí padà lọ́jọ́ kan. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n á máa dín ọkà kù, tí wọ́n á sì máa fi koríko tútù àti koríko gbígbẹ kún un. Tí wọ́n bá kánjú, inú lè run ẹṣin náà, inú rírun sì lè pa á. Ọgbẹ́ inú pọ̀ gan-an láàárín àwọn ẹṣin eré ìje, koríko tí wọ́n ń jẹ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀ ló sì ń ràn wọ́n lọ́wọ́. Láàárín àkókò yìí, dókítà ẹranko á yẹ iṣan ẹsẹ̀, orúnkún àti eyín wò. Wọ́n á sì yọ irin tín-ínrín tó wà lábẹ́ pátákò rẹ̀, kí pátákò lè hù dáadáa.

Ẹ̀kọ́ tuntun fún ẹni tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀

Àwọn kan rò pé ẹṣin eré ìje ti mọ bí wọ́n ṣe ń gun ẹṣin, pé kò sí ohun tó kù. Òótọ́ ni pé ó mọ gàárì àti ìjánu, ó sì ti wọ ọkọ̀ rí. Àmọ́ èdè tí wọ́n fi kọ́ ọ yàtọ̀.

Ẹ wo àpẹẹrẹ mélòó kan. Ní pápá eré, ẹnì kan ló máa ń gbé agẹṣin jù sókè sórí ẹṣin tó ṣì ń rìn lọ. Ní báyìí, ó gbọ́dọ̀ kọ́ láti dúró jẹ́ẹ́ kí èèyàn fi àpótí gun òun. Agẹṣin eré ìje máa ń ká orúnkún sókè, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í kan ìhà ẹṣin. Tí ẹlòmíì bá wá na ẹsẹ̀ sílẹ̀ tó sì fi kan ìhà rẹ̀, ẹṣin náà lè rò pé ó ní kóun sá eré ni. Tí agẹṣin bá sì fa ìjánu mọ́ra, ẹṣin eré ìje lè fi ẹnu tì í kó sì túbọ̀ sáré, torí bí wọ́n ṣe ń ṣe é níbẹ̀ nìyẹn. Ní báyìí, ìjánu tí wọ́n fà gbọ́dọ̀ túmọ̀ sí pé kó dúró.

Ti ìyípo náà tún wà. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń yí sí ní Turffontein, torí náà ara ẹṣin tó ti ń sáré níbẹ̀ lè le sí apá òsì. Àwọn olùkọ́ á mú un rìn yípo ní apá méjèèjì, ìrìn pẹ̀lẹ́ ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, títí ara rẹ̀ á fi dọ́gba. Lẹ́yìn náà, wọ́n á to igi sílẹ̀ kó máa gbẹ́sẹ̀ lé e kọjá. Wọ́n á mú un jáde lóun nìkan, kó mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ìgbà tóun bá rí pápá gbalasa lòun gbọ́dọ̀ sá eré. Ẹ̀kọ́ yìí lè gba ọdún kan gbáko kí ẹṣin náà tó ṣeé fọkàn tán.

Iṣẹ́ wo ló lè ṣe?

Iṣẹ́ rẹ̀ ò kéré. Àwọn kan di ẹṣin tó ń fo igi dábùú. Àwọn míì ń gbá pólò, torí eré dùn lẹ́sẹ̀ wọn. Àwọn kan wà fún ìrìn fàájì lásán. Àwọn tí ara wọn balẹ̀ jù lọ lè gbé ọmọdé.

Ọ̀rọ̀ ọmọdé yìí mú wa rántí Enos Mafokate, tí wọ́n bí lọ́dún 1944 ní Alexandra, ní Johannesburg. Olùtọ́jú ẹṣin ni lábẹ́ ìjọba kẹ́lẹ́yàmẹ̀yà, nígbà tí wọn ò fẹ́ kí aláwọ̀ dúdú bá aláwọ̀ funfun díje. Síbẹ̀, ó di ọ̀kan lára àwọn aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó gbayì nínú gígun ẹṣin fo igi lórílẹ̀-èdè náà. Lọ́dún 2007, ó dá ilé ẹ̀kọ́ ìgẹṣin sílẹ̀ ní Soweto, níbi tí àwọn ọmọ àdúgbò, títí kan àwọn tó ní ìpèníjà ara, ti lè gun ẹṣin. Irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ò lè gun ẹṣin tí ẹ̀rù ń bà. Ẹṣin tí wọ́n fara balẹ̀ kọ́ nìkan ló lè ṣe é.

Ọmọ Yorùbá tó ti wo Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú-Òde mọ ohun tí à ń sọ. Ìlù ń dún, ìbọn ń dún, èrò kún ibẹ̀ bámú, síbẹ̀ ẹṣin ń jó lábẹ́ ọmọ Balógun. Wọn ò bí ọgbọ́n yẹn mọ́ ẹṣin. Ẹnì kan ló fi sùúrù kọ́ ọ.

Kí ìdílé tó gba ẹṣin sọ́dọ̀

Àwọn ìdílé Yorùbá tó ń gbé ní Johannesburg náà lè ní ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ pé òun fẹ́ ẹṣin. Kí bàbá tàbí ìyá tó sọ pé ó dáa, ẹ jẹ́ kí wọ́n ro nǹkan wọ̀nyí:

• Owó tí wọ́n fi ń ra ẹṣin tó ti fẹ̀yìn tì lè kéré, ìtọ́jú rẹ̀ ni ìnáwó. Ẹṣin tó wúwo tó 500 kílò lè jẹ nǹkan bíi 10 kílò koríko lójúmọ́, kó sì mu ju 25 lítà omi lọ. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni wọ́n ń gé pátákò rẹ̀.

• Àrùn ẹṣin ilẹ̀ Áfíríkà wà níbẹ̀. Àwọn kòkòrò tíntìntín tó ń jáde láti ìrọ̀lẹ́ sí òwúrọ̀ ló ń gbé e kiri. Kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ abilà lè ní in lára láìṣàìsàn, àmọ́ ó ń pa ọ̀pọ̀ ẹṣin tó bá mú. Abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́dọọdún ò ṣeé fi ṣeré, ó sì dáa kí ẹṣin wà nínú ilé kí ilẹ̀ tó ṣú.

• Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìgẹṣin àti ẹṣin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní pápá eré ò yẹ ara wọn. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ́ lọ́dọ̀ olùkọ́ ná, lórí ẹṣin tó ti mọ iṣẹ́.

• Ẹ pe dókítà ẹranko tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á. Ẹ béèrè ìwé ẹṣin náà, ìdí tó fi fẹ̀yìn tì, àti ibi tó ti fara pa rí.

• Ẹ kọ àdéhùn sílẹ̀ pé tí apá yín ò bá ká a mọ́, ọ̀dọ̀ ẹni tó fún yín ló máa padà sí.

Kì í ṣe gbogbo ẹṣin ló máa rí iṣẹ́ kejì ṣe. Ẹsẹ̀ àwọn kan ti bà jẹ́ kọjá àtúnṣe. Tí ìrora ò bá lọ, dókítà ẹranko lè ní ká jẹ́ kó sùn láìjìyà. Ọ̀rọ̀ yẹn máa ń dunni, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí wọ́n máa tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí á fi ṣubú sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì.

Ẹṣin ò yan eré ìje fúnra rẹ̀. Èèyàn ló bí i sí i, èèyàn ló jẹ èrè ẹsẹ̀ rẹ̀. Torí náà, ẹni tó bá fẹ́ ra ẹṣin kó lè máa sáré fún un gbọ́dọ̀ ya owó ọjọ́ ogbó rẹ̀ sọ́tọ̀ láti ọjọ́ tó rà á. Ẹni tó bá sì ní pápá, owó àti sùúrù lè rí ọ̀rẹ́ tó máa bá a gbé fún ọdún 20 lára ẹṣin tí àwọn míì rò pé iṣẹ́ rẹ̀ ti parí.