Òórùn Òkúpòrókò Nínú Kápúsù

Bí mo ṣe jókòó ní yàrá ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Tunga, ní ìlú Minna, ni wọ́n na ìgò kan sí mi. Epo ẹ̀dọ̀ ẹja ni, kápúsù rẹ̀ mọ́ bí oyin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára afárá. Inú mọ́tò tó ń bọ̀ láti Bida ni wọ́n ti rà á lọ́wọ́ ọkùnrin kan tó ń polówó oògùn. Ó ní kí wọ́n máa lo méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, pé gẹ̀gẹ̀ tó ń yọ lọ́rùn wọn yóò wálẹ̀ kí oṣù tó parí.

“Ẹja òkun ni wọ́n fi ṣe é,” ni wọ́n wí. “Ṣebí ìwọ náà lo sọ fún mi pé ẹja òkun dára fún gẹ̀gẹ̀?”

Mo sọ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ohun tí n kò sọ ni ibi tí oore náà wà lára ẹja.

Mo gba abẹ́rẹ́ ìránṣọ lọ́wọ́ wọn, mo gún kápúsù kan lu sórí àwo kékeré. Epo náà ń sun jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tẹrí ba, wọ́n gbọ́ òórùn rẹ̀, wọ́n sì gbé orí sókè kíá.

“Òkúpòrókò!”

Wọn kò ṣì í. Òkúpòrókò tí à ń fi omi gbígbóná rẹ kó tó rọ̀, tí ọmọ tó ń ti ilé ìwé bọ̀ yóò ti gbóòórùn rẹ̀ láti ẹnu géètì, ẹja kọ́ọ̀dù ni. Erékùṣù Lofoten ní ilẹ̀ Nọ́wè ni púpọ̀ nínú rẹ̀ ti ń wá. Wọn kì í fi iyọ̀ sí i, wọn kì í yan án. Orí igi ni wọ́n ń so ó rọ̀ sí láti nǹkan bí oṣù Èrèlé wọ oṣù Èbìbí, tí afẹ́fẹ́ tútù yóò fi fà á gbẹ táútáú bí igi ìdáná. Ẹ̀dọ̀ irú ẹja yìí kan náà ni wọ́n ń yọ epo rẹ̀. Láwọn ọdún 1850, apoògùn ará Nọ́wè kan tó ń jẹ́ Peter Möller bẹ̀rẹ̀ sí í fi ooru omi yọ ọ́, kó lè mọ́ ju ti àtijọ́ lọ. Ẹran rẹ̀ ń bọ̀ wá sínú ẹ̀gúsí wa, epo ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń lọ sínú ìgò. Ibi tí wọ́n ti pínyà yìí ni ọ̀rọ̀ ọrùn ẹ̀gbọ́n mi wà.

Ohun tí à ń pè ní gẹ̀gẹ̀, tí àwọn Hausa àdúgbò wọn ń pè ní makoko, ẹ̀yà ara kékeré kan ló wú. Táírọ́ìdì lorúkọ rẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ iwájú ọ̀nà ọ̀fun bí labalábá tó na ìyẹ́. Òun ló ń rán iṣẹ́ sí gbogbo ara: bí ọkàn yóò ṣe yára lù tó, bí ara yóò ṣe móoru tó, àní bí ọpọlọ ọmọ inú oyún yóò ṣe dàgbà. Áyọ́dìn ló fi ń ṣiṣẹ́ náà, bí aláró ṣe ń fi ẹlú ṣiṣẹ́. Bí ẹlú bá wọ́n, tí aláró wá ń fi ìkòkò kún ìkòkò, àgbàlá rẹ̀ yóò kún fún ìkòkò, aró kò ní pọ̀ sí i. Bẹ́ẹ̀ ni táírọ́ìdì tí áyọ́dìn wọ́n fún ṣe ń wú.

Èyí tó nílò kò sì pọ̀ rárá. 150 máíkírógíráàmù lóòjọ́ ló tó àgbàlagbà, 250 ló tó aboyún. Bí a bá kó ti àádọ́rin ọdún jọ, kò kún ṣíbí ìmutíì kan.

Òkun ni áyọ́dìn pọ̀ sí. Inú eérú ewéko òkun ni Bernard Courtois, ará Faransé, ti rí i ní 1811. Ní 1820, dókítà Coindet ní ìlú Geneva ti ń fi tọ́jú gẹ̀gẹ̀. Minna sì jìnnà sí òkun. Ẹja gbígbẹ tí àwọn obìnrin Gbagyi máa ń gbé wá sọ́jà, tí wọ́n gbé lé èjìká bí àṣà wọn, ẹja adágún omi Shiroro ni. Ó dùn, ó ń ṣara lóore, ṣùgbọ́n áyọ́dìn inú rẹ̀ kò tó ti ẹja òkun. Nítorí àwọn tí òkun jìnnà sí ni Switzerland ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í fi áyọ́dìn sínú iyọ̀ ní 1922, tí Nàìjíríà náà sì sọ ọ́ di dandan ní nǹkan bí ọdún 1993.

Mo bu iyọ̀ díẹ̀ sínú epo tó wà lórí àwo náà. Ó rì sísàlẹ̀, ó jókòó síbẹ̀ bó ṣe wà. Mo bu òmíràn sínú omi, ó yọ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó ṣẹ́jú. Mo ní: “Ẹ wò ó, bí ti inú ẹja ṣe rí nìyẹn. Inú ẹran rẹ̀ ni áyọ́dìn wà. Nígbà tí wọ́n bá yọ epo, tí wọ́n sẹ́ ẹ dáadáa, ohun tó máa ń bá epo lọ kò tó nǹkan.”

Èmi kò bú epo ẹja o. Ọ̀rá rere tí wọ́n ń pè ní omega-3 wà nínú rẹ̀, ó sì lè dín irú ọ̀rá kan tó máa ń pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀ kù. Ṣùgbọ́n pé ó ń wo táírọ́ìdì sàn, kò tíì sí ẹ̀rí tó dúró lára ènìyàn. Ara eku ni ọ̀pọ̀ ìwádìí rẹ̀ wà. Ti ẹ̀dọ̀ ẹja tún ní fítámì A púpọ̀ nínú, àmujù rẹ̀ sì lè ṣe ọmọ inú oyún léṣe. Ó dùn mí pé ẹni tó ń polówó nínú mọ́tò kì í béèrè bóyá ẹni tó nawọ́ owó sí òun lóyún. Ẹja ṣáwá àti títù tó kún kóòdù rúùmù wa ní omega-3 yẹn, wọ́n sì ní áyọ́dìn mọ́ ọn.

Èyí tó tún ń bà mí lẹ́rù ni pé kì í ṣe gbogbo gẹ̀gẹ̀ ni àìtó áyọ́dìn ń fà. Táírọ́ìdì ẹlòmíràn ló ń ṣiṣẹ́ ní àṣejù: ọkàn ń lù kìkì, ọwọ́ ń gbọ̀n, ara ń fọn láìjẹ́ pé ebi ń pa á. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá tún ń wá áyọ́dìn kún áyọ́dìn, ó lè mú àìsàn náà le sí i. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá yẹ̀ wò ní ilé ìwòsàn ló lè sọ èwo ni ti ẹ̀gbọ́n mi. TSH ni wọ́n ń pe àyẹ̀wò náà.

Mo wọ ilé ìdáná wọn. Inú abọ́ tí kò ní ìdérí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù, ni iyọ̀ wà. Láti inú àpò tí wọ́n là sílẹ̀ nínú oòrùn ọjà ni wọ́n ti wọn ọ́n ní mudu fún wọn. Oòrùn, ooru àti ọ̀rinrin a sì máa lé áyọ́dìn kúrò lára iyọ̀. Mo ní kí wọ́n máa ra ti inú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa, kí wọ́n dà á sínú ìgò tó ní ìdérí, kí wọ́n sì máa fi sọ́bẹ̀ nígbà tó bá kù díẹ̀ kó jinná.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n lọ gba àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀. Wọ́n mú ìgò epo náà dání kí dókítà lè rí i. Nígbà tí wọ́n dé, wọ́n gbé omi kaná, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́ òkúpòrókò sínú abọ́.